Ta ni yóò máa bu omi sí bátìrì?

Fíríìjì funfun kan wà ní ilé ìlera alábọ́dé tí màámi ti ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Òkè-Ògùn. Kò ga ju ìbàdí mi lọ nígbà yẹn, òkè ló ti ń ṣí bí àpótí aṣọ, ìdérí rẹ̀ sì wúwo débi pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló wà fún. Kí ó tó dé, bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá pé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni màámi ń jí. Yóò gun ọ̀kadà lọ sí ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀, yóò gba abẹ́rẹ́ sínú kúlà kékeré tó ní yìnyín nínú, yóò sì gbé e lé itan títí tí yóò fi padà dé. Bí táyà bá jò lọ́nà tí yìnyín fi yọ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ìyá tó pọn ọmọ wá láti abà yóò tún pọn wọ́n padà sí abà.

Fíríìjì yìí kò bá NEPA ṣe. Àwo sólà mẹ́rin wà lórí páànù, wáyà gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, bátìrì mẹ́fà tó tóbi ju ti mọ́tò lọ sì tò sínú àpótí pákó ní kọ̀rọ̀ yàrá. Àjọ kan láti òkè òkun ló gbé e wá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, kábíyèsí jókòó, alága káńsù gé ríbọ́ọ̀nù, àwa ọmọ ilé ìwé kọrin títí ohùn fi há. Àwọn àlejò náà ṣe dáadáa sí wa, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fún màámi ní ìwé ìlò tó nípọn, wọ́n ní àwọn yóò máa wá wò ó, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Kò pé ọdún méjì tí fíríìjì náà fi dákẹ́.

Àìsí omi ló pa á. Irú bátìrì yẹn ń mu omi. Bí wọ́n ti ń gba iná sára, bẹ́ẹ̀ ni omi inú wọn ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti fà kọjá orí àwọn irin pẹlẹbẹ inú wọn, àwọn irin náà á gbẹ, á le, wọn ò sì ní lè tọ́jú iná mọ́. Omi tí wọ́n ń fẹ́ yìí kò ju omi bátìrì tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ń tà nínú ike lẹ́bàá títì. Mo ṣì ń rí i lójú mi, ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpótí pákó náà: ìyẹ̀fun funfun tó fẹ́ jọ búlúù ti bo orí irin tí wáyà so mọ́, bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu.

Ó wà nínú ìwé ìlò. Ojú ìwé kan sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, màámi kà á, ó sì yé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni nǹkan ti ní àwọn yóò máa wá. Ẹrù ìjọba sì ni. Bí nọ́ọ̀sì bá tú u tí ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ni wọn yóò kọ lẹ́tà sí pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Kò sí ẹni tó fà á lọ́wọ́ dé ìdí bátìrì kó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ibí ni ẹ ó máa bu omi sí, ẹ má jẹ́ kó wá sílẹ̀ ju ìlà yìí lọ." Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìyẹn ìbá gbà.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe jẹun báyìí. Àwọn ìwé tí wọ́n ń pín fún ará ìlú lórí ìlera, lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, lórí iná sólà, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la máa ń yí wọn sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n nínú wọn: àjọṣepọ̀. Orílẹ̀-èdè yìí àti orílẹ̀-èdè yẹn ti tọwọ́ bọ̀wé láti jọ pín ìmọ̀ lórí iná tí kì í tán, tí kì í sì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Tọkàntọkàn ni mo fi ń túmọ̀ rẹ̀, nítorí mo gbà á gbọ́. Oòrùn, afẹ́fẹ́, odò, ooru inú ilẹ̀, Ọlọ́run kò fi wọ́n dù wá. Ìmọ̀ tí a ó fi sọ wọ́n di iná ni kò tíì kárí, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n yẹ kó kọ́ ẹni tó kù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ka iye owó àti iye mẹ́gáwáàtì tán, mo máa ń ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn, mo ń wá ohun tí wọn kì í sábà kọ sínú rẹ̀: ta ni yóò máa bu omi sí bátìrì?

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ jìnnà sí Òkè-Ògùn. Láàárín Iceland àti Kẹ́ńyà ni.

Iceland jẹ́ erékùṣù olótùútù ní ìhà àríwá Yúróòpù, gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kò tó 400,000. Orúkọ olú ìlú wọn, Reykjavík, èéfín ló wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó rí nǹkan funfun tó ń rú jáde látinú ilẹ̀. Kì í ṣe èéfín iná, omi tó ń hó nísàlẹ̀ ni. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn obìnrin wọn fi ń gbé aṣọ lọ fọ̀ níbi ìsun gbígbóná kan lẹ́yìn ìlú, nígbà tí èédú tí wọ́n ń dá nínú ilé láti yá iná ń sọ ojú ọ̀run wọn di dúdú. Ní 1930 ni wọ́n ri páìpù tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta láti ibi ìfọṣọ yẹn wọ ìgboro, tí omi gbígbóná fi ń mú ilé ẹ̀kọ́ kan àti àwọn ilé díẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, wọ́n tẹra mọ́ ọn. Lónìí, nínú ilé mẹ́wàá níbẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ló ń fi ooru abẹ́ ilẹ̀ yá otútù.

Ẹni tó bá ti ti ẹsẹ̀ bọ omi ní Ikogosi, níbi tí èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti èyí tó tutù ti ń pàdé, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé ilẹ̀ ní ooru nínú. Ti Ikogosi kò ju ohun tí ara ń gbádùn lọ. Ti Iceland ń bó ènìyàn. Àwọn ibi kan sì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí tiwọn náà ń bó ènìyàn: àfonífojì ńlá tó la ìlà oòrùn ilẹ̀ wa já láti Etiópíà gba Kẹ́ńyà lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ ayé ti ń ya díẹ̀díẹ̀, tí ooru sì rí ọ̀nà gòkè.

Olkaria wà nínú àfonífojì yẹn ní Kẹ́ńyà, nítòsí adágún Naivasha. Ní 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kànga síbẹ̀ láti wá ooru iná, kò sì so èso kan gbòógì. Ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n fi tún bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ní 1981, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yí, tí wọ́n ṣe ní Japan: mẹ́gáwáàtì 15 péré. Ìgbà tó fi máa di 1985, ó di 45.

Láàárín àkókò náà ni Iceland àti yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àdéhùn ní 1978 láti dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Reykjavík fún ìmọ̀ ooru abẹ́ ilẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ dé ní 1979. Oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, ọdọọdún sì ni. Ìjọba Iceland ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó rẹ̀. Kì í ṣe ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí a ó gba báàgì àti ìwé ẹ̀rí lọ sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ẹ̀ka kan: ó lè jẹ́ kíka òkúta, ó lè jẹ́ ohun tó wà nínú omi, ó lè jẹ́ gbígbẹ́ kànga, tàbí mímọ bí ìkòkò omi abẹ́ ilẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó kó tó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ti ilé gbé ìṣòro ilẹ̀ tiwọn wá, tí wọn yóò jókòó tì í pẹ̀lú olùkọ́ títí wọn yóò fi kọ ìwé lé e lórí. Ó ti ju 700 ènìyàn lọ tó gba ibẹ̀ kọjá, láti orílẹ̀-èdè tó ju 60. Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti 2005, àwọn olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣe apá kan ẹ̀kọ́ náà ní Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀, kí àwọn ará Áfíríkà tó kù lè wá kọ́ ọ nítòsí ilé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òkúta, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkó ẹrù ránṣẹ́ àti kíkó ìmọ̀ ránṣẹ́. Kànga Olkaria kì í ṣe irú bọ́ọ̀hólù ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ń lọ sísàlẹ̀ tó kìlómítà méjì sí mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ń jẹ owó tó tó mílíọ̀nù dọ́là lọ́nà púpọ̀, ó sì lè jẹ́ pé asán ni wọn yóò bá nísàlẹ̀. Kò sí ojú tó rí ibẹ̀. Ohun tó ń mú ìròyìn gòkè ni èérún òkúta tí ẹrọ̀fọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ ń gbé jáde. Ní gbogbo mítà méjì, ẹnì kan á bu èérún náà, á ṣàn án, á tò ó sínú abọ́ kékeré, á kọ iye jíjìn rẹ̀ sí i lára, á sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣe é, nítorí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kì í sùn. Ohun tí onítọ̀hún ń wá ni àmì. Òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní epidote, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé tó fẹ́ pọ́n. Kì í sábà hù lábẹ́ ilẹ̀ àyàfi tí ooru ibẹ̀ bá ti tó nǹkan bí 240 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú abọ́, ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀ díẹ̀.

Díẹ̀ ni mo wí. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ti gbóná rí láyé àtijọ́, kó sì ti tutù. Òkúta náà á ṣì wà níbẹ̀, bíi eérú ní ìdí àdògán tí wọ́n ti pa iná rẹ̀ látàná. Ìgbà náà ni ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò wo ohun mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò wo èwo nínú wọn ló gun orí èwo, yóò bi àwọn tó ń wọn ooru kànga léèrè, kó tó sọ fún ọ̀gá ìgbẹ́lẹ̀ pé kó máa lọ tàbí kó dúró. Ojú tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí kọ̀ǹténà tó lè gbé e wá ní Èbúté Apápá tàbí ní Mombasa. Ara ènìyàn ló ń bá wá, ó sì gba ọdún.

Àwa náà mọ bí ó ṣe ń rí, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ti inú ìwé kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún nígbà tí nǹkan bá fẹ́ ṣe é. Yóò dúró ti ọ̀gá, yóò gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò máa na irinṣẹ́ sí i, títí ọjọ́ tí ọ̀gá yóò ní, "Ìwọ gbọ́ ọ wò, kí ló ń ṣe é?" Tó bá pé, wọ́n á ṣe firídọ́ọ̀mù fún un, ọ̀gá á gbàdúrà, á fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ọmọ á lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́wàá tí kò jẹ́ kó ṣe firídọ́ọ̀mù, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ló ń kọ́ ọ.

Kẹ́ńyà ti ṣe firídọ́ọ̀mù. Ní 2014 wọ́n ṣí Olkaria IV, òun nìkan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 140. Lónìí gbogbo iná tí wọ́n ń fi ooru abẹ́ ilẹ̀ ṣe ní Kẹ́ńyà ti ju mẹ́gáwáàtì 900 lọ, ti Iceland kò tíì pé 800. Nínú iná tí àwọn ará Kẹ́ńyà ń lò, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ló ń ti ibẹ̀ wá. Èyí tó wú mi lórí ju ìyẹn lọ ni pé KenGen, ilé iṣẹ́ iná ìjọba wọn, ti kó òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ gbẹ́ kànga ní Etiópíà àti ní Djibouti. Ọmọ iṣẹ́ ti di ọ̀gá, òun náà sì ti ń gba ọmọ iṣẹ́.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀, torí yóò dà bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ló ń jó. Ilẹ̀ àwọn Maasai ni Olkaria. Ní 2014, nítorí Olkaria IV, wọ́n kó abúlé mẹ́rin kúrò lọ sí ibùdó tuntun. Owó World Bank àti ti European Investment Bank wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n kó kúrò kọ̀wé ẹ̀sùn, ìgbìmọ̀ tí World Bank fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti máa gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sì lọ wádìí. Wọ́n rí i pé àwọn ohun kan kò lọ bó ṣe yẹ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé wọn kò lo èdè Maa, èdè àwọn Maasai, tó bó ṣe tọ́ nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ènìyàn náà jíròrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó láti parí ìjà.

Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn, mo gbé iṣẹ́ tó wà níwájú mi tì. Àwọn tó lè ka òkúta tó wà ní kìlómítà mẹ́ta sísàlẹ̀ ilẹ̀ kò ka ohun tó wà lójú bàbá arúgbó tó jókòó síwájú wọn. Bí wọ́n bá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ ní èdè tí kò fi ń gbàdúrà, ó lè mi orí, ó lè tẹ̀ka, kó má sì gbà. Mo ti rí i nílé wa náà: ìwé ogún ojú ewé ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan ní Yorùbá, tí wọ́n sì ní ká parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé. Ara ìmọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pín fún ara wọn ni ọ̀rọ̀ èdè yìí yẹ kó wà. Owó rẹ̀ yẹ kó wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ kìíní, bí owó páìpù ṣe wà níbẹ̀.

Ibì kan wà ní Íńdíà tí wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ èdè yìí lọ́nà tó yà mí lẹ́nu. Tilonia ni, abúlé kan ní Rajasthan, níbi tí Bunker Roy ti dá Barefoot College sílẹ̀ ní 1972. Àwọn ìyá àgbà láti ìgbèríko onírúurú orílẹ̀-èdè, tí ọ̀pọ̀ ti Áfíríkà wà nínú wọn, ni wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ sólà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Íńdíà ló san owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀kọ́ wọn nípasẹ̀ ètò ITEC rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ̀wé. Wọn kò gbọ́ èdè olùkọ́, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, àti ọwọ́. Wáyà báyìí lọ sí ojú àwọ̀ báyìí. Ṣe é, tú u, tún un ṣe. Ìdí tí wọ́n fi ń mú ìyá àgbà ni pé ọ̀dọ́ tó bá gba ìwé ẹ̀rí á gba ìlú ńlá lọ, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nílé yóò padà sílé, iná náà yóò sì bá a wálé.

Bàbá Ọlọ́dẹ ni mo rántí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa Tilonia.

Fíríìjì wa ti dákẹ́ fún ọdún kan ó lé kí àwọn mìíràn tó wá. Àwọn yìí kó bátìrì tuntun wá, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ríwáyà kan láti Ìbàdàn sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Yàrá àlejò wa ló sùn. Ó kọ́ màámi, ó sì kọ́ Bàbá Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìlera lóru, nítorí ó ní ẹni tó máa ń wà nítòsí jù ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Bàbá kò kàwé rárá. Ìlà méjì wà lára bátìrì náà, ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tín-ín-rín, àwọ̀ wọn sì jọ àwọ̀ bátìrì. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wá kútẹ́ẹ̀sì yín." Màámi mú kútẹ́ẹ̀sì pupa rẹ̀ wá. Bàbá fi ẹnu mú tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ba, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré inú ìgò náà fa ìlà pupa sí ìsàlẹ̀ bátìrì kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní, "Tí omi bá ti fẹ́ kan pupa, mo máa bu tuntun sí i." Màámi kọ ọ́ sórí káàdì ní Yorùbá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún ẹni tó bá mọ̀wé: Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ yẹ omi bátìrì wò. Fíríìjì yẹn ṣiṣẹ́ títí màámi fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Púpọ̀ nínú bátìrì ayé òde òní kò mu omi mọ́, mo mọ̀. Lítíọ́mù ló gbòde. Ṣùgbọ́n omi bátìrì ti pààrọ̀ aṣọ ni. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ínfátà ilé ìjọsìn kan kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ríwáyà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú dé, ó yẹ gbogbo wáyà wò, ó rí ohun tó yẹ kó yí padà lójú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà sì ń béèrè fún password. Àwọn tó tà á kò fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà wọn kò lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú àwo sólà tó ń yán nínú oòrùn lókè orí wọn. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ a ṣoni. Ríwáyà náà kò ṣàìmọ iṣẹ́. Wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta nínú ilé ara rẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gbamu-Gbamu, ní Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2018 ni iná sólà kìlówáàtì 85 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ní abúlé àwọn àgbẹ̀ tí wáyà ìjọba kò dé. Jámánì àti European Union ló ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ nípasẹ̀ ètò NESP. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, Rubitec, ló kọ́ ọ, tó sì ń bójú tó o. Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí: ètò kan náà bá NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, jókòó láti kọ òfin 2016 tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kékeré lè gbé iná kalẹ̀ ní abúlé, kó sì gba owó rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dí i lọ́wọ́. Kíkọ òfin tó gún régé náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àlejò lọ, òfin wà nílẹ̀, NERC tún un kọ ní 2023, ẹlòmíràn sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ní December 2023, World Bank fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún iná sólà ní Nàìjíríà, ètò tí wọ́n ń pè ní DARES, wọ́n ní yóò dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Owó ńlá ni, àǹfààní ńlá ni. Àdúrà mi ni pé kí nǹkan bí ìdá kan nínú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó máa kọ́ àwọn ọmọ ríwáyà wa ní Ìṣẹ́yìn, ní Òrè, ní Kàbbà, títí wọn yóò fi lè tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ kí wọ́n tún un tò, pẹ̀lú password lọ́wọ́ wọn.

Mo pe màámi nígbà tí mò ń kọ èyí. Mo sọ fún un nípa Olkaria, nípa àwọn kànga, nípa òkúta aláwọ̀ ewé. Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Omi wọn nísàlẹ̀ yẹn, ṣé kì í gbẹ?"

Mo ní ó lè rẹ̀ o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá omi tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ooru rẹ̀ padà sínú ilẹ̀, wọ́n ní kànga ọ̀tọ̀ fún ìyẹn.

"Wọ́n ṣeun. Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo ní àwọn ọmọ Kẹ́ńyà fúnra wọn ni, màámi. Àwọn obìnrin pọ̀ nínú wọn.

Ó ní, "Bá mi kí wọn."